I Was a Teenage Werewolf (1957): ta gan-an lẹranko inú fíìmù yìí?

Àyìndé_Sinimá — Ọjọ́ Àìkú, 9:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo tún jókòó ti fíìmù yìí lálẹ́ àná, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin tó pé ọdún mẹ́rìndínlógún, mo sì rí i pé ohun tí mo ti ń sọ nípa rẹ̀ láti bí ogún ọdún kò rí bẹ́ẹ̀. Fíìmù ọmọdé ni mo máa ń pè é, èyí tí wọ́n lẹ irun mọ́ ojú òṣèré. Lálẹ́ àná, àyà mi já, kì í sì í ṣe ojú onírun yẹn ló já a.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó: Tony Rivers jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Rockdale High, ní ìlú kan ní Amẹ́ríkà. Inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án láti ẹ̀yìn, ìjà dé nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá nìkan ló kù fún un. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Donovan, tó là á níjà lọ́jọ́ kan, gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ rí Dókítà Alfred Brandon, oníṣègùn ọpọlọ tó ń fi ọ̀rọ̀ mú èèyàn sùn. Tony kọ̀. Ó di ìgbà tí wọ́n ṣe àríyá Halloween, tí Vic ọ̀rẹ́ rẹ̀ dẹ́rù bà á láti ẹ̀yìn, tó sì dìde sí ọ̀rẹ́ náà bí ẹni fẹ́ pa á. Ó rí ojú tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń wò ó. Ojú tì í. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá dókítà.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Dókítà yìí kò ní in lọ́kàn rárá láti wò ó sàn. Ó gbà pé aráyé ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, àfi kí wọ́n dá èèyàn padà sí ipò ẹranko tó ti wá. Ọmọ tó ń wá ìwòsàn ló fẹ́ fi dán an wò. Ó gún un lábẹ́rẹ́ oògùn kan tó ń jẹ́ scopolamine, ó mú un sùn, ó sọ fún un pé ẹranko ìgbẹ́ ni tẹ́lẹ̀ rí. Dókítà Wagner tó ń ràn án lọ́wọ́ kìlọ̀ fún un pé ọmọ yìí lè kú. Kò gbọ́. Bí Tony ṣe ń di ìkookò nìyẹn.

Nígbà tí fíìmù parí, ọmọ mi bi mí pé, "Dádì, ta ló yẹ kí Tony fẹjọ́ dókítà sùn?" Mo wá ẹni náà nínú fíìmù, mi ò rí i. Ọlọ́pàá ló ní kó lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń dun bàbá rẹ̀ àti Arlene, ọmọbìnrin tó ń fẹ́. Ilé-ìwé gbà pé dókítà ń ṣe dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin rí nígbà tí ẹ wò ó?


Bàbá_Kámẹ́rà — Ọjọ́ Àìkú, 10:02 alẹ́

Àyìndé, o káre. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé kámẹ́rà fún àwọn tó ń ṣe fíìmù fídíò n'Íbàdàn, nítorí náà ojú iṣẹ́ ọwọ́ ni mo fi ń wo nǹkan báyìí.

Ọjọ́ méje péré ni wọ́n fi ya fíìmù yẹn. Owó tí wọ́n ná sí i jẹ́ nǹkan bí 82,000 dọ́là, iye tí wọ́n ń sọ pé ó pa wọlé sì tó mílíọ̀nù 2 dọ́là. Ẹni tó bá gbọ́ iye tí wọ́n ná á rò pé àwọn tí kò mọṣẹ́ ló ṣe é. Rárá o. Joseph LaShelle ló di kámẹ́rà mú, ẹni tó ti gba Oscar nítorí iṣẹ́ kámẹ́rà tó ṣe nínú fíìmù Laura ti 1944. Gene Fowler Jr. tó darí rẹ̀ kò tíì darí fíìmù rí kó tó ṣe èyí, ṣùgbọ́n ó ti jókòó ti Fritz Lang, ọ̀gá nínú àwọn olùdarí fíìmù, ó ti bá a gé fíìmù, ó ti bá a tò ó. Ẹni tó bá ti gé fíìmù fún ọ̀gá bẹ́ẹ̀ á mọ ibi tí ojú òǹwòran máa lọ kí òǹwòran fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

Ẹ wo ibi yàrá eré ìdárayá. Pirinsípà, Miss Ferguson, ṣẹ̀ṣẹ̀ yin Tony tán ni. Ó ní dókítà ti fún òun ní ìròyìn rere nípa rẹ̀, òun sì máa kọ̀wé kí wọ́n lè gbà á sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ jáde. Bó ṣe ń kọjá lọ, ó rí Theresa tó ń dá nìkan ṣeré lórí irin, ó dúró wò ó. Agogo ilé-ìwé dún lẹ́yìn orí rẹ̀. Ìgbà tó yá, ojú Theresa la fi ń wò ó: ọmọbìnrin náà fi orí kodò lórí irin, orí kodò náà ni ìkookò ń bọ̀ wá bá a, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì Tony lọ́rùn. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Wọ́n dojú àwòrán délẹ̀ ni. Mo ti wò ó tó ìgbà mẹ́wàá, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ.

Nígbà tiwa, bí ìtàn bá ní kí èèyàn di ewúrẹ́, a ó ní kó dúró gbagidi, a ó pa kámẹ́rà, a ó gbé ewúrẹ́ síbẹ̀, a ó tún tan kámẹ́rà. Bí ẹsẹ̀ kámẹ́rà bá fi díẹ̀ yẹ̀, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Mo mọ ohun tí ọjọ́ méje jẹ́. Ẹni tó bá fi ọjọ́ méje ṣe irú ibi yàrá eré ìdárayá yẹn, ẹ bá mi kí i.


Ṣadé_Leeds — Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú àlàyé, sà. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá yín yìn ín tó bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú 76 ni gbogbo fíìmù yìí, síbẹ̀ wọ́n rí àyè fún Vic láti kọrin kí àwọn ọmọ sì jó, orin tí kò kan ìtàn níbì kankan. Ìyẹn gan-an kò dùn mí tó ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Gbogbo yín ń káàánú Tony. Frank, ọmọ tí Tony kọ́kọ́ pa, ńkọ́? Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé láàárín igbó lálẹ́, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Theresa ńkọ́? Ó ń ṣe eré ìdárayá rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn méjèèjì kú, a ò rí ìyá wọn, a ò rí bàbá wọn. Ohun tí a rí nínú òkú Frank ni fọ́tò tí àwọn ọlọ́pàá ń gbà wò lọ́wọ́ ara wọn. Akọ̀ròyìn dé, ọ̀dọ̀ bàbá Tony àti ọ̀dọ̀ àwọn òbí Arlene ló lọ. Wọ́n ní ká sunkún fún ẹni tó pààyàn, wọn ò fún wa ní ìṣẹ́jú kan láti sunkún fún ẹni tí wọ́n pa.

Mo ní àbúrò obìnrin tó máa ń dá nìkan lọ ṣeré ìdárayá lálẹ́. Ojú rẹ̀ ni mo rí nígbà tí Theresa fi orí kodò yẹn. Bí a bá fẹ́ béèrè ta lẹranko, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ta ló kú.


Àyìndé_Sinimá — Ọjọ́ Ajé, 8:05 àárọ̀

Ṣadé, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Mi ò ní àwáwí kankan tí mo lè ṣe fún àwọn tó kọ ìtàn náà lórí èyí. Mo wò ó pẹ̀lú ọmọ mi, a sọ̀rọ̀ Tony fún wákàtí kan, a ò dárúkọ Theresa lẹ́ẹ̀kan.


Nọ́ọ̀sì_Bísí — Ọjọ́ Ajé, 1:22 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí abẹ́rẹ́ yẹn, nítorí kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kàn hun.

Scopolamine wà lóòótọ́. A máa ń lò ó fún ẹni tí èébì máa ń gbé bó bá wọ ọkọ̀, a sì máa ń lò ó láti gbẹ itọ́ aláìsàn kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, wọ́n máa ń pò ó mọ́ morphine fún àwọn aboyún tó ń rọbí. Ìyá á bímọ tán, kò ní rántí ìrora rẹ̀. Láti nǹkan bí 1922 ni wọ́n ti ń gbé e kiri ní Amẹ́ríkà pé ó ń mú ọ̀daràn sọ òtítọ́. Nígbà tí fíìmù yìí fi máa jáde, etí àwọn òǹwòran ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́ oògùn tó ń gba ọkàn èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n gba ibi kan nínú fíìmù náà gbọ́. Lẹ́yìn ikú Frank, Tony padà lọ bá dókítà, ó ní òun mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun, ṣùgbọ́n òun ò mọ ohun tó jẹ́. Kò rántí. Oògùn yẹn gan-an ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń pa ìrántí rẹ́, ó ń mú èèyàn rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ojú á là rekete. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì: itọ́ ń dà lẹ́nu ìkookò náà, bẹ́ẹ̀ sì ni gbígbẹ ni ẹnu ẹni tó gba scopolamine máa ń gbẹ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o. Ewé tí wọ́n ń pè ní gegemu, tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lọ́dọ̀ wa, scopolamine wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń sè é mu. Mo ti gba ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan tí mẹ́rin nínú wa dì mú, tó ń bá ògiri jà. Ọjọ́ kejì, ó ń bi ìyá rẹ̀ pé báwo lòun ṣe dé ọsibítù. Nígbà tí Tony ń bẹ dókítà yẹn, ojú ọmọ yìí ni mo ń rí.


Kúnlé_Abẹ́òkúta — Ọjọ́ Ajé, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Mi ò tíì wò ó. Òṣùpá ńkọ́? Mo rò pé òṣùpá ló ń sọ èèyàn di ìkookò nínú irú ìtàn oyinbo báyìí.


Akéwì_Ọ̀yọ́ — Ọjọ́ Ajé, 6:31 ìrọ̀lẹ́

Kúnlé, kò sí òṣùpá nínú rẹ̀, kò sì sí ìkookò tó bu ẹnikẹ́ni jẹ. Nínú The Wolf Man ti 1941, ìkookò ló bu ọkùnrin náà jẹ tí gbogbo rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Níbí, agogo ilé-ìwé àti tẹlifóònù ló ń jí i. Ariwo òjijì ni. Ohun tó ń bí Tony nínú láti ìbẹ̀rẹ̀, kí nǹkan bá a lẹ́yìn láìròtẹ́lẹ̀, òun náà ni dókítà sọ di ilẹ̀kùn tí ẹranko ń gbà jáde.

Ohun tí mo rò sí i nìyí. Nínú ìtàn tiwa, ẹni tó ń di ẹranko ló ni agbára náà. Ọdẹ tó di ẹkùn mọ ìgbà tí òun fẹ́ dì í. Ọya bọ́ awọ ẹfọ̀n rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ, ó fi í pamọ́, ó wọ ọjà bí èèyàn. Ìjà kò dé àfi ìgbà tí ẹlòmíì jí awọ náà wò. Tony kò ní awọ kankan tó lè bọ́. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un sínú ara rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí a bá ń pè é ní ènìyàn-ìkookò ní èdè wa, ẹ má gbàgbé pé ìyàtọ̀ yẹn wà. Kò sí irú ẹranko yẹn nínú igbó wa. Bíbélì ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ bá a pàdé, níbi tí Jákọ́bù ti ní Bẹ́ńjámínì yóò máa fani ya bí ìkookò.

Ẹnì kan tún wà tí ẹ ò tíì dárúkọ: Pepe, agbálẹ̀ àgọ́ ọlọ́pàá. Orí òkè Carpathia ní Yúróòpù ló ti wá. Ó bẹ ọlọ́pàá kan kó jẹ́ kí òun rí fọ́tò òkú Frank, bó sì ti rí i ló mọ irú ojú ọgbẹ́ tó jẹ́. Ọlọ́pàá náà fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Nínú gbogbo ilé yẹn, ẹni tó ń gbálẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀.


Tíṣà_Ìkìrun — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:48 àárọ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mi ò rí oorun sùn dáadáa. Bàbá Kámẹ́rà sọ̀rọ̀ Miss Ferguson, pirinsípà. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí obìnrin yẹn.

Ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní JSS 3. Orí rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n bí o bá gbá a léjìká láti ẹ̀yìn, á yí padà, á ti gbá ọ. Ó gbá ọmọ kan títí eyín ọmọ náà fi yọ. Ilé-ìwé ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀. A jókòó yí bàbá yẹn ká, àwa tíṣà mẹ́ta àti ọ̀gá wa, a ní kó wá nǹkan ṣe sí ọmọ rẹ̀. Ẹnì kan láàárín wa ló júwe ibì kan fún un, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ya aláìgbọràn. Kò sí èyíkéyìí nínú wa tó ti débẹ̀ rí.

Oṣù mẹ́ta ni ọmọ yẹn lò níbẹ̀. Nígbà tó padà, ó ti dákẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Kì í dáhùn àfi kí o pè é lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wa ń yin Ọlọ́run. Èmi ni tíṣà kíláàsì rẹ̀, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú káàdì ìdánwò rẹ̀ pé: "Ó ti yí padà pátápátá. A yọ̀ fún un." Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, nígbà eré ìdárayá, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, mo rí àpá ìdè ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Miss Ferguson kò ṣe ibi kankan. Inú rẹ̀ dùn sí ọmọ náà lóòótọ́. Ẹ padà wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ó gba ìròyìn dókítà gbọ́ nítorí pé ìròyìn náà mú kí iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn. Mo mọ ojú yẹn. Ojú mi ni.


Ṣadé_Leeds — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ sọ eléyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ náà dà báyìí?


Dáúdà_Houston — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:50 ọ̀sán

Tíṣà, Ọlọ́run á tù yín nínú. Mo fẹ́ fi ohun kan ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn, kí ẹ lè rí i pé kì í ṣe inú fíìmù kan ṣoṣo lọ̀rọ̀ yìí ti jẹyọ.

Ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde ni American International Pictures, tí James H. Nicholson àti Samuel Z. Arkoff dá sílẹ̀ ní 1954 pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Tẹlifíṣọ̀n ti dá àwọn àgbà dúró sílé nígbà yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ ló ṣì ń jáde lọ wo sinimá, pàápàá ní àwọn pápá tí wọ́n ti ń jókòó sínú ọkọ̀ wò ó. Irú pápá bẹ́ẹ̀ ju 4,000 lọ ní Amẹ́ríkà ní òpin àwọn ọdún 1950. Ilé-iṣẹ́ yìí máa ń ta fíìmù méjì pọ̀ lówó ẹyọ kan, tiwọn sì ni méjèèjì, kí owó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Invasion of the Saucer Men ni wọ́n so pọ̀ mọ́ èyí nígbà tó jáde ní oṣù kẹfà 1957. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á ti ní orúkọ fíìmù àti àwòrán ìpolówó rẹ̀ kí wọ́n tó kọ ìtàn. Herman Cohen ló ṣe agbátẹrù rẹ̀, òun àti Aben Kandel ló sì kọ ọ́, wọ́n kàn lo orúkọ Ralph Thornton tí kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá wo ohun tí Cohen yìí ṣe tẹ̀ lé e. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, I Was a Teenage Frankenstein jáde: dókítà kan ń fi ẹ̀yà ara òkú àwọn ọ̀dọ́ to ọ̀dọ́mọkùnrin tuntun. Whit Bissell tó ṣe Dókítà Brandon ló tún ṣe dókítà ibẹ̀. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ Blood of Dracula, níbi tí tíṣà obìnrin kan ti ń fi ọ̀rọ̀ mú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin sùn títí ó fi di amùjẹ̀. Ní 1958, How to Make a Monster: ọkùnrin tó ń kun ojú òṣèré fi oògùn sínú ohun ìkunjú, ó fi rán àwọn òṣèré ọ̀dọ́ lọ pààyàn. Fíìmù mẹ́rin láàárín ọdún méjì. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àgbàlagbà tó mọ̀wé tàbí tó mọṣẹ́ ló di ọ̀dọ́ mú, tó sọ ọ́ di ohun abàmì fún ìlò ara rẹ̀. 

Lásìkò yìí gan-an ni àwọn àgbà Amẹ́ríkà ń pariwo pé àwọn ọ̀dọ́ ti bàjẹ́. Ilé Aṣòfin Àgbà wọn jókòó lé e lórí ní 1954, wọ́n ń wò ó bóyá ìwé àwòrán ẹ̀rín àti ìbẹ̀rù ló ń sọ ọmọ di jàǹdùkú. Àwọn ọmọ tó jókòó sínú ọkọ̀ bàbá wọn wá ń wo fíìmù tó ní àwọn àgbà ló yẹ kí wọ́n bi. Mo gbà pé owó ni Cohen ń wá. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń dun àwọn tó ń sanwó fún un.


Akéwì_Ọ̀yọ́ — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 alẹ́

Dáúdà, o ti là á. Mo fi ọ̀kan kún un. Sísọ tí dókítà sọ fún Tony pé ó ti jẹ́ ẹranko rí kò ṣàjèjì sí àwọn òǹwòran 1957. Ní 1952, ní ìlú Pueblo ní Colorado, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Morey Bernstein mú obìnrin kan sùn, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ti wá sáyé rí ní Ireland, Bridey Murphy lorúkọ òun. Bernstein kọ ìwé lé e lórí ní 1956, ìwé náà tà bí àkàrà.

Fún àwa tí à ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé, pé èèyàn ti wá rí kì í ṣe ohun tó ń dẹ́rù bani. Ayọ̀ ni. Ọmọ tó bá padà wá, inú ẹbí rẹ̀ ló padà wá sí, gbogbo ilé á sì mọ ojú rẹ̀. Brandon mú èrò pé èèyàn ti wà rí, ó yọ ẹbí kúrò nínú rẹ̀, ó yọ orúkọ kúrò, ó wá fi ọmọ aláìníyàá sílẹ̀ sínú igbó. Èmi, ibẹ̀ ló ti bà mí lẹ́rù jù.


Bàbá_Kámẹ́rà — Ọjọ́rú, 12:05 ọ̀sán

Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ òpin rẹ̀, èmi sì rò pé òpin yẹn ló ń dá Àyìndé lóhùn.

Tony sùn sínú igbó mọ́jú lẹ́yìn ikú Theresa. Nígbà tó jí, ó ti padà di èèyàn. Ó tẹ Arlene láago, kò lè sọ̀rọ̀. Ó wá padà sọ́dọ̀ Brandon, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ran òun lọ́wọ́. Dókítà ní òun á ràn án lọ́wọ́, ó ní kó dùbúlẹ̀, ó tún gún un lábẹ́rẹ́, ó sì gbé kámẹ́rà kalẹ̀ láti yà á bó ṣe ń yí padà. Tẹlifóònù dún. Ìkookò dìde, ó pa dókítà àti Wagner, kámẹ́rà fọ́, fíìmù inú rẹ̀ ṣòfò. Ọlọ́pàá wọlé, wọ́n yìnbọn fún un, ojú Tony sì padà sí ojú ọmọ.

Èmi tó jẹ́ oníkámẹ́rà, ibẹ̀ ni mo máa ń gbé ojú kúrò. Mo ti dojú kámẹ́rà kọ ẹni tó ń sunkún rí, tí mo ń ní kó tún un sun nítorí iná kò bọ́ sí i. Ohun tí Brandon nílò jù lọ ni ẹ̀rí pé òun ṣe é. Kì í ṣe ìwòsàn, kódà kì í ṣe ọmọ náà.

Ẹni ogún ọdún ni Michael Landon nígbà tó ṣe Tony. Lẹ́yìn ọdún méjì ló wọ eré tẹlifíṣọ̀n Bonanza, tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Kò tijú fíìmù yìí. Ní 1987, nínú eré tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ Highway to Heaven, ó tún fi ara rẹ̀ ṣe ìkookò nígbà Halloween. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Thriller Michael Jackson ti 1983 náà, ẹ tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wò: ọkọ̀ àtijọ́, ọmọbìnrin, jákẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé-ìwé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń di ẹranko nínú igbó. Ẹni tó bá ti rí Tony á mọ ibi tí jákẹ́ẹ̀tì yẹn ti wá.


Ṣadé_Leeds — Ọjọ́rú, 9:37 alẹ́

Mo tún un wò lálẹ́ òní. Ohun tí mo sọ nípa Frank àti Theresa, mi ò kó o jẹ. Ṣùgbọ́n mo rí ibi tẹlifóònù pẹ̀lú Arlene. Ọmọbìnrin náà di ẹ̀rọ mú, ẹnì kan ń mí lódì kejì, kò sọ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún, mi ò retí rẹ̀.

Tíṣà, mo ṣì ń dúró dè yín.


Tíṣà_Ìkìrun — Ọjọ́bọ̀, 6:02 àárọ̀

Ṣadé, ìbéèrè rẹ ni kò jẹ́ kí n tètè kọ̀wé. Mi ò mọ ibi tó wà. Mo wá nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, mo rí i lálẹ́ àná, mo pè é.

Ó ń ṣe wẹ́dà. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ méjì. Ó dá ohùn mi mọ̀ kí n tó dárúkọ. Mo sọ fún un pé a ń sọ̀rọ̀ lórí fíìmù kan, pé ọ̀rọ̀ náà ló mú mi rántí rẹ̀. Ó ní títí di òní, òun kì í jókòó kí òun kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọṣẹ́ òun mọ̀, wọn kì í gba ẹ̀yìn yọ sí òun.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú káàdì rẹ̀, mo sì ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Mo rántí káàdì yẹn, mà. Bàbá mi gbé e kọ́ sára ògiri."

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé báwo ni ọ̀rọ̀ ọmọ inú fíìmù náà ṣe parí. Mo ní mo máa fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí i. Mi ò tíì fi í ránṣẹ́.